Ọmọ mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ mi àti ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ fún yín o. Ilé áfáà ni wọ́n ti bí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkọ mi wá jẹ́ ọmọ Àgùdà ní Campos, àdúgbò kan ní Erékùṣù Èkó, àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsíìlì dé, tí wọn kì í pa Máàsì ọjọ́ Sọ́ńdè jẹ ní Holy Cross, ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Ọmọ wa obìnrin ń bá bàbá ẹ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń lọ ilé kéwú lọ́dọ̀ màmá mi. Àwa méjèèjì ò bá ara wa jà sí i, àwọn ẹbí ló ń rojọ́.

Ẹni tí ọmọ yìí fẹ́ràn jù kì í ṣe èmi, kì í ṣe bàbá ẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tí wọ́n ń ṣe télọ̀ ni. Tó bá ti dé láti iléèwé, kò ní bọ́ yunifọ́ọ̀mù, ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá ló ń gbà lọ. Ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, òun ló ń bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, á fi itọ́ pa ẹnu òwú kó lè rí ṣóńṣó bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, á di ojú kan, ó ti wọlé nìyẹn. Tí wọ́n bá ń rán aṣọ Fáńtí, ìyẹn kánífà ọdún Àjíǹde, abẹ́ tábìlì wọn ló ń jókòó sí tí á máa ṣa bọ́tìnì, tí mo bá pè é wá jẹun á ní "Mọ́mì, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wa."

Ní 2024, Gúdù Fúráìdè bọ́ sínú Ràmàdánì, ọmọ ọdún mẹ́jọ yìí sì ní dandan òun máa gba àwẹ̀ ọjọ́ yẹn dópin. Ọjọ́ frejon nìyẹn nílé ọkọ mi, ẹ̀wà tí wọ́n sè jinná dénú, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, tí wọ́n da omi àgbọn tí wọ́n rin tí wọ́n fún àti ṣúgà sí, tí wọ́n ń rò títí á fi ki, àtojú títì lẹ ó ti máa gbóòórùn ẹ̀. Àǹtí ọkọ mi kan bu frejon àti ọbẹ̀ ẹja síwájú ọmọ, wọ́n ní kó jẹ ẹ́, pé ọmọ Àgùdà kì í gba àwẹ̀ Mùsùlùmí. Omijé ti lé ròrò sójú ẹ̀. Èmi ìyàwó ilé, kí ni mo fẹ́ sọ? Bọ̀dá kàn gbé abọ́ ọmọ, wọ́n gbé tiwọn náà tí wọn ò tíì fọwọ́ kàn, wọ́n fi ọmọrí dé méjèèjì, wọ́n ní "Àǹtí, ẹ má bínú, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ máa jẹun." Ẹ wò ó, Bọ̀dá náà ń gba àwẹ̀ Gúdù Fúráìdè tiwọn o, wọn ò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu látàárọ̀! Ó di ìgbà tí wọ́n pe ìrun màgàríbì kí wọ́n tó ṣí abọ́, wọ́n sì yọ dàbínù lápò fún un kó kọ́kọ́ fi ṣínu, mi ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí wọ́n lọ rà á.

Àwọn kan ń sọ fún mi pé kí n fa ọmọ sẹ́yìn díẹ̀, pé ó ti lẹ̀ mọ́ wọn jù. Mi ò fà á síbì kankan.