Máṣíìnì mi ń ké ṣùgbọ́n kì í lọ: ohun tójú wa rí lórí pápá l'Ógbómọ̀ṣọ́

Ọmọ Ajílété:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tẹ́ ẹ mọ̀ nípa máṣíìnì. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, mo máa sọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ lè mọ ibi tó ti ń ṣe é.

Àwa kan wà níbí tá a fẹ́ràn ká máa fi máṣíìnì sáré. Kì í ṣe iṣẹ́ wa o, ẹlòmíì ń ránṣọ, ẹlòmíì ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé, èmi ń ta wáyà àti gílóòbù ní Tákíè. Tẹ́lẹ̀, ojú títì làwọn ọmọ ti máa ń dán ara wọn wò láàárọ̀ kùtù, tírélà ń bọ̀ níwájú, tírélà ń bọ̀ lẹ́yìn, inú mi kì í dùn sí i rárá torí ẹ̀mí ti lọ sí i. Ìyẹn la ṣe lọ bẹ bàbá kan tó ní oko kajú lẹ́yìn ìlú, wọ́n fún wa ní ilẹ̀ tó ṣófo létí oko wọn, a ro ó, a fi táyà àlòkù pààlà rẹ̀, ó ti di pápá eré báyìí. Ilẹ̀ pupa ni, kò sí ọ̀dà, kò sí kọnkéré, tó o bá ṣubú wàá kàn yí nínú eruku, tírélà kankan ò ní gun èèyàn mọ́lẹ̀ níbẹ̀.

Boxer 150 ni mò ń gùn. Mo ti yọ dígí, iná ẹ̀yìn àti kárìà rẹ̀ kó lè fúyẹ́, mo sì ti fi táyà tó lẹ́yín gígùn sí i.

Sátidé la lọ dán an wò. Òjò ti rọ̀ lóru Fúráìdè, òjò àkọ́rọ̀ tó máa ń pa eruku, ní àárọ̀ ilẹ̀ ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ká tó wí ká tó fọ̀ oòrùn ti gbẹ ẹ́, mo wá ń gbádùn ara mi. Àfi ìgbà tí máṣíìnì gbóná dáadáa. Mo jáde ní kọ́nà tó kẹ́yìn, ibi tó gùn gbọọrọ tá a ti máa ń tú u sílẹ̀, mo fún un níná ní gíà kẹrin, ẹ́ńjìnì ké, ó ké gan-an, ẹ ó rò pé ó fẹ́ fò ni, ṣùgbọ́n kò sáré bó ṣe ké. Ẹni tí máṣíìnì rẹ̀ kéré sí tèmi rọra gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Mo pa á, mo jókòó sábẹ́ igi, nígbà tó tutù tí mo tún gbé e ó dára padà, ó tún gbóná, ó tún di bákan náà. Òórùn nǹkan tó jó sì ń jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ọ̀tún, kì í ṣe òórùn epo.

Lálẹ́ a tú u. Plọ́ọ̀gì ò dúdú, kò sì funfun, búráùn tó yẹ kó jẹ́ náà ló jẹ́. A fọ kabúrétọ̀, a fa ṣéènì, a gbọn fílítà afẹ́fẹ́. Lórí asán.

Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì a tò sílà. Èmi wà lẹ́yìn. Wọ́n ju àsíá, máṣíìnì ṣì tutù nígbà yẹn, kí n tó dé kọ́nà ìdí igi máńgòrò mo ti kọjá àwọn bíi mẹ́ta, ara mi ti yá. Kọ́nà tó tẹ̀ lé e, ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọmọkùnrin kan tó ti Ọ̀yọ́ wá bá wa ṣeré ló wà níwájú mi, ó tẹ bíréèkì bó ṣe ń yà, táyà iwájú rẹ̀ yọ̀ lọ, orí rẹ̀ gbálẹ̀. Mo gbọ́ ìró hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn láàárín gbogbo ariwo ẹ́ńjìnì. Wọ́n ju aṣọ pupa, gbogbo wa dúró. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ àwọn òǹwòran ti yí i ká, ẹnì kan ti fa hẹ́límẹ́ẹ̀tì yọ lórí rẹ̀, ẹnì kan ń da píọ́ wọ́tà sí i lójú, ẹlòmíì ń fà á lápá pé kó dìde. Ó dìde o, Ọlọ́run ṣeun, ó ní kò sí nǹkan, ó tiẹ̀ fẹ́ gùn ún padà, a ò gbà fún un.

Nígbà tá a tún bẹ̀rẹ̀, máṣíìnì mi ti gbóná, ó ń ké lásán, mo ṣe ìkẹrin. Ẹni tó ṣe ìkíní, Boxer 100 ló gùn.

Kí ló ń ṣe é gan-an? Ẹnì kan ní písítìn ló ti jẹ, kí n lọ ra tuntun, owó ìyẹn kì í ṣe kékeré lásìkò yìí. Ẹlòmíì ní kí n yọ fílítà afẹ́fẹ́ dànù. Kọ́nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn ńkọ́, báwo lèèyàn ṣe ń gbà á tí iwájú ò fi ní yọ̀? Torí èmi náà ti rí i lábẹ́ mi tó fẹ́ lọ.


Mẹ́kà Owódé:

Àbúrò, o kú ewu o, ẹ kú ewu ọmọ tó ṣubú náà. Má ra písítìn. Mo tún un sọ, má ra písítìn.

Tí písítìn tàbí ríìngì bá ti jẹ, ẹ́ńjìnì fúnra ẹ̀ ni kò ní lágbára láti ké, èéfín tó dà bí aró á sì máa jáde ní sàláńsà. Tìẹ ń ké dáadáa. Agbára wà níbẹ̀, kò dé táyà ẹ̀yìn ni. Ohun tó wà láàárín ẹ́ńjìnì àti gíà ni kílọ́ọ̀ṣì, kílọ́ọ̀ṣì ẹ ló ń yọ̀. Òórùn tó o gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún yẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú torí ibẹ̀ náà ni ilé kílọ́ọ̀ṣì wà lára Boxer.

Gbọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Inú ilé yẹn, pílétì ni wọ́n tò léra, fáìbà kan irin kan, fáìbà kan irin kan, sípíríǹgì sì ń tẹ̀ wọ́n mọ́ra pinpin. Tó o bá tẹ lífà wọ́n á tú, tó o bá fi sílẹ̀ wọ́n á dì mọ́ra kí agbára lè kọjá. Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ ni pé inú ọ́ìlì ni gbogbo wọn jókòó sí. Ti mọ́tò ò rí bẹ́ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò tó ń lo gíà ọlọ́wọ́ wà níta, gbígbẹ ni, àmọ́ ọ̀pọ̀ máṣíìnì wa, ọ́ìlì kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹ́ńjìnì, gíà àti kílọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò ayé ìsinsìnyí kan wà tí wọ́n fi èròjà tó ń mú irin yọ̀ sí kí mọ́tò má baà jẹ epo púpọ̀. Ó dáa fún mọ́tò. Tó bá wọ inú kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì, fáìbà ò ní lè di irin mú mọ́, pàápàá tó bá gbóná.

Wá dá mi lóhùn: ta ló pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ gbẹ̀yìn, irú ọ́ìlì wo ni wọ́n sì dà sí i? Wo ara ike ẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti máṣíìnì, wàá rí JASO MA tàbí MA2 lára ẹ̀, àmì tó fi hàn pé ó dáa fún kílọ́ọ̀ṣì tó wà nínú ọ́ìlì. Tó bá jẹ́ MB, fi í sílẹ̀, ìyẹn wà fún àwọn sìkútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn kò sí nínú ọ́ìlì.

Kó o tó tú nǹkan kan ṣá, wo lífà kílọ́ọ̀ṣì ẹ lákọ̀ọ́kọ́. Ó yẹ kó ṣeré díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àlàfo bíi mílímítà méjì sí mẹ́ta níbi ìdí ẹ̀. Tí kébù bá fà le jù, bí ìgbà tó o tẹ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ mọ́wọ́ lo ṣe ń gùn ún láti àárọ̀ dalẹ́, á máa yọ̀, á sì jó. Mo ti rí ẹni tó ná owó ńlá lórí ẹ́ńjìnì tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì kébù lásán ni.


Gbọ̀ngán Iná:

Ọ̀gá Mẹ́kà ti sọ tiwọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ fílítà yẹn, èmi fara mọ́ ọn. Èmi yọ tèmi, máṣíìnì mi mí kanlẹ̀.


Mẹ́kà Owódé:

Gbọ̀ngán Iná, ariwo tó pọ̀ sí i lò ń gbọ́, agbára kọ́. Pápá ilẹ̀ pupa kẹ̀! Eruku yẹn yanrìn ni, tó bá gba kabúrétọ̀ wọlé, ara sìlíńdà ló máa lọ ha. Ìgbà yẹn lèèyàn á wá ra písítìn lóòótọ́. Jọ̀ọ́ dá a padà. Fílítà tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá fi ẹ́ńjìn ọ́ìlì díẹ̀ pa á kí ẹ fún un dáadáa kí ẹ tó dá a padà. Tó bá jẹ́ oníwèé, omi ò gbọ́dọ̀ kàn án, láti inú ni kí ẹ ti fẹ́ ẹ síta. Tó bá sì ti di dúdú, ẹ rà tuntun.


Àdùkẹ́ Nọ́ọ̀sì:

Ẹ kú eré o. Ọ̀rọ̀ máṣíìnì kọ́ ni tèmi, ọ̀rọ̀ ọmọ tó forí gbálẹ̀ yẹn ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́ níbo ló wà báyìí? Ta ló ń wò ó?

Ẹni tó bá forí gbálẹ̀, tó dìde tó ní kò sí nǹkan, ẹ má ṣe fi mọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ nínú orí kó má hàn títí ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò yẹ kó dá sùn lóru àkọ́kọ́ yẹn. Tó bá ń bì, tí orí ń fọ́ ọ tó sì ń le sí i, tó ń sọ̀rọ̀ kábakàba, tó ń sùn tí kò ṣeé jí, tí omi tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní etí tàbí imú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Àní tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, kí dókítà ṣì wò ó.

Ohun tí wọ́n ṣe fún un lórí pápá yẹn dùn mí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Àmọ́ tí egungun ọrùn bá ti fọ́ tí ẹ wá fa hẹ́límẹ́ẹ̀tì yọ fàà, ẹ lè sọ ẹni tó ì bá rìn di ẹni tí kò ní rìn mọ́. Tó bá ń mí, ẹ fi hẹ́límẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ kàn ṣí gíláàsì iwájú rẹ̀, kí ẹnì kan kúnlẹ̀ sí òkè orí rẹ̀ kó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú kó má yí, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìgbà tí kò bá mí nìkan lẹ lè yọ ọ́, èèyàn méjì ló sì gbọ́dọ̀ yọ ọ́, ọ̀kan á di ọrùn mú láti ìsàlẹ̀, èkejì á rọra fà á. Ẹ má da omi lé e, ẹ má fún un ní nǹkan mu.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Fóòmù líle tó wà nínú rẹ̀ ló gba ìkọlù yẹn dípò orí, tó bá ti tẹ̀ wọlé kì í wú padà, kódà tí ara rẹ̀ níta bá ṣì ń dán. Kó má tà á fún ẹlòmíì o.


Ọmọ Ṣọ̀ún Lókè Òkun:

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun gan-an. Ọmọ Ajílété, ìwúrí ni fún mi láti gbọ́ pé ẹ ti kúrò lójú títì, ọ̀rẹ́ mi kan títì yẹn ló pa á.

Ìlú Ọba nibí ni mò ń gbé, Cadwell Park ní Lincolnshire ni mo ti máa ń gùn tí mo bá ráyè. Ibì kan wà lórí pápá yẹn tí wọ́n ń pè ní The Mountain, ó ga sókè lójijì débi pé táyà á kúrò nílẹ̀. Mo sọ ọ́ kó o lè mọ̀ pé pápá tó léwu bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ní ètò tó ń dín ewu kù, ètò náà ò sì gba owó tí ẹ ò lè ní. Kí máṣíìnì tó wọlé ẹnì kan á yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n á wò ó bóyá orí lífà rẹ rí róbótó kó má baà gún ẹnikẹ́ni. Bóòtù ìdí ọ́ìlì, wọ́n á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó kó má baà tú kó da ọ́ìlì sójú ọ̀nà ẹlòmíì. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdíje á wọ ẹ̀wù ọ́réńjì kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè fún un láyè. Aṣọ pupa tẹ́ ẹ ní dáa, àmọ́ ẹ fi yẹ́lò kún un, kó máa wà ní kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Tí ẹni tó dúró níbẹ̀ bá ju yẹ́lò, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kọjá ẹnìkejì níbẹ̀.

Kọ́nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn: parí bíréèkì rẹ nígbà tí máṣíìnì ṣì dúró ṣánṣán. Tó bá ti ń dùbúlẹ̀, táyà iwájú ń ṣiṣẹ́ láti yà, tó o bá tún fi iṣẹ́ bíréèkì kún un lórí ilẹ̀ pupa, á yọ̀ lọ, ohun tó ṣe ọmọ Ọ̀yọ́ náà nìyẹn. Sún síwájú lórí ìjókòó títí tó o fi máa kan táǹkì, kí ìwúwo rẹ lè wà lórí táyà iwájú. Na ẹsẹ̀ tó wà ní inú kọ́nà síwájú, fi èkejì tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, kí ojú rẹ wà níbi tó o fẹ́ jáde sí, má wo abẹ́ táyà. Bí iwájú bá ti fẹ́ lọ, fi bíréèkì iwájú sílẹ̀, má já iná pátápátá.

Afẹ́fẹ́ táyà ńkọ́, èló lẹ fẹ́ sí i? Bí 25 PSI lójú títì bá dáa fún iwájú, lórí ilẹ̀ pupa ẹ lè mú un wá sí bí 18 sí 20 kó lè di ilẹ̀ mú. Ẹ má jẹ́ kó lọ sílẹ̀ ju ìyẹn lọ, torí táyà á máa yí lórí ríìmù, á sì fa ojú tíúbù ya.


Ọmọ Ajílété:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á máa fún gbogbo yín ṣe. Àǹtí Nọ́ọ̀sì, bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín ni mo pe ọmọ náà, ó ní orí ṣì ń fọ́ òun díẹ̀, mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù l'Ọ́yọ̀ọ́. Dókítà ti wò ó, wọ́n ní kó sinmi, kó má gun nǹkan kan títí wọ́n á fi tún rí i. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn mo ti gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, a máa dáwó ra òmíì fún un.

Ọ̀gá Mẹ́kà, Fúráìdè ni wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì náà fún mi. Mo lọ wo ike ẹ̀: kò sí JASO kankan lára ẹ̀, àwòrán mọ́tò ló wà níwájú, wọ́n sì kọ ọ́ sí ẹ̀yìn pé ó ń dín epo kù. Lífà kílọ́ọ̀ṣì ṣeré bí ẹ ṣe wí, kébù ò fà le. Mo ti da ọ́ìlì yẹn nù, mo sì ti rí ọ́ìlì 20W-50 tó ní MA2. Ṣé kí n kàn dà á sí i kí n máa gùn lọ, àbí àwọn pílétì yẹn ti bàjẹ́?


Mẹ́kà Owódé:

Ó ti jó tó fi rùn, nítorí náà tú u. Fáìbà tó bá ti dúdú tó sì ń dán, ìyẹn ti lọ. Èyí tó bá ṣì dáa, rẹ ẹ́ sínú ọ́ìlì tuntun yẹn mọ́jú kó o tó dá a padà. Irin tó bá ti di aláwọ̀ aró, iná ti jẹ ẹ́. Èyí tí kò bá sì yí àwọ̀, gbé e lé orí gíláàsì, tí kò bá dọ́gba má lò ó. Tó o bá fẹ́ ra sípíríǹgì, gbogbo wọn ni kó o rà lẹ́ẹ̀kan náà, má fi ọ̀kan tuntun sáàárín àwọn àtijọ́. Má sì rà á lójú lásán lọ́jà, mú ti àtijọ́ dání wá sí Owódé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ká wọ̀n wọ́n pọ̀.