Ìwé ìtàn ìfẹ́ wo lẹ kà tó dà bíi pé ẹ̀yin gan-an ló ń bá wí?

Ọmọ Lágere: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo wà ní ọdún kejì ní Great Ifẹ̀ nígbà tí mo ra ìwé àlòkù kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní Lágere. Kò léèpo, kò lórúkọ. Wòlíì sọ fún ọmọbìnrin inú rẹ̀ pé ọkùnrin báyìí ni Ọlọ́run yàn fún un. Ó gbààwẹ̀ títí, ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó ń ṣa òkúta inú ìrẹsì, ó kàn sọ pé, "Olúwa, mi ò fẹ́ ẹ." Mo pa ìwé dé. Arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa ti rí èmi náà lójú ìran nínú aṣọ funfun. Oṣù mẹ́ta ló fi ń pè mí ní "ìyàwó mi nínú ẹ̀mí."

Àkànbí: Ṣé ọmọbìnrin yẹn wá fẹ́ ẹ?

Ọmọ Lágere: Ìparí ìwé ti ya lọ. Mi ò mọ̀ dòní.

Bàbá Ìbejì: Ẹ lọ bi ẹlẹ́pà 😂

Òṣómàáló: Ìwé tí ò lórúkọ, tí ò níparí. Ṣé kì í ṣe ìwọ lò ń kọ ọ́ lọ́wọ́?

Ìyá Ire: Ó jọ pé èmi náà ka ìwé yẹn, àbí ìkejì rẹ̀ ni. Ní Iléṣà ni. Inú ìwé orin ni mo fi pa mọ́ sí nílé ìṣọ́ òru, màmá mi sì ká mi mọ́ ọn. Wọ́n rò pé ìwé ìṣekúṣe ni. Wọn ò mọ̀wé, wọ́n ní kí n kà á sókè kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́. Obì ni wọ́n ń tà lọ́jà Àtàkúnmọ́sà, nítorí náà lálaalẹ́ ni mò ń kà á bí wọ́n ṣe ń ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò nínú agbọ̀n. Ìgbà tí a dé ibi tí wọ́n ti bi ọmọbìnrin yẹn pé ṣé ó gbà, ọwọ́ màmá mi dúró. Wọ́n ní, "Èmi, ta ló bi mí?" Wọ́n tún mú obì mìíràn, wọ́n ní kí n máa kà á lọ.

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́: Ìyá Ire, ẹ pa mí lẹ́kún níbi iṣẹ́.

Àkànbí: Ṣé Màmá ò fẹ́ràn Bàbá ni?

Ìyá Ire: Wọ́n fẹ́ràn ara wọn o, ọmọ méje ni wọ́n bí. Pé ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n ló ń dùn wọ́n.

Bàbá Ìbejì: Ọmọ méje kì í ṣe ẹ̀rí ìfẹ́ ṣá.

Ìyá Ire: Bàbá Ìbejì, ẹ fi màmá mi sílẹ̀ o.

Òṣómàáló: Ẹ má torí ìwé ìtàn bú wòlíì. Òkè Òoyè ní Iléṣà níbí ni ìsọjí ńlá ti ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1930, ọdún náà gan-an ni Ọlọ́run pe Bàbá Ayọ̀ Babalọlá, wòlíì ìjọ CAC.

Alhaja Kékeré: 1928 ni ìpè. Kátákátá ni wọ́n ń wà lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́. Mùsùlùmí ni mí, mo sì mọ̀ ọ́n.

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́: Ta ló bú Bàbá? Aláìsàn ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Ti akọrin aláṣọ funfun là ń sọ.

Alhaja Kékeré: Àwa náà ní tiwa. Wọ́n ní kí n kírun istikhara, ìrun tí a fi ń wá ìtọ́sọ́nà Ọlọ́run, mo kí i. Kí n tó jí, àbúrò bàbá mi ti lá àlá náà bá mi.

Ọmọ Awo: Nílé wa ní Ifẹ̀, bàbá mi bi Ifá, Ifá fọ ire. Mo ṣì sá.

Àkànbí: 😂😂 Ọmọ Lágere, akọrin ọ̀hún wá ńkọ́?

Ọmọ Lágere: Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́. Kí sẹ̀mẹ́sítà tó parí, ó ti rí ẹlòmíì nínú aṣọ funfun kan náà.

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́: Ẹ dúró ná. Ọmọbìnrin inú ìwé yẹn, ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń ránṣọ? Mo ní in nílé. Ìbẹ̀rẹ̀ ni tèmi ò ní.

Ọmọ Lágere: Olúwa mi o! Bẹ́ẹ̀ ni! Mò ń bọ̀ ní Sátidé.

Àdùkẹ́ Modákẹ́kẹ́: Kíkà ni o. Mi ò fún ẹ.

Òṣómàáló: Ìyá Ire, ṣé Màmá ṣì ń ta obì? Èló ni agbọ̀n kan báyìí?