Ilẹ̀ ẹbí tí èèyàn kan ṣoṣo tà, ṣé mo lè kọ́lé síbẹ̀?

Ọmọ Ajílété: Ẹ jọ̀ọ́, mo ra púlọ́ọ̀tì kan n'Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ọmọ ẹbí kan ló tà á, rìsíìtì nìkan ló fún mi, àfìgbà táwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára búlọ́ọ̀kù mi pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà.

Bàbá Ìbejì: Háà! Bí olórí ẹbí ò bá sí níbẹ̀, títà yẹn ò fìdí múlẹ̀ rárá o. Tó bá jẹ́ òun ló tà á láìsọ fáwọn àgbà ẹbí yòókù, kọ́ọ̀tù ṣì lè fagi lé e tí wọ́n bá tètè pariwo.

Ìyá Lọ́yà: Rìsíìtì, ẹ̀rí owó lásán ni. Ẹ jẹ́ kí sọ̀féyọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbà á, torí láti 1978 gómìnà ló ń di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú fún aráàlú.

Ọmọ Ajílété: Owó mi ńkọ́?

Bàbá Ìbejì: Ẹni tó gbà á ni kẹ́ ẹ dì mú, àbí kẹ́ ẹ lọ bẹ ẹbí kí wọ́n jókòó tà á fún yín.