Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn Bíńgò: ó ti ń rìn padà

Ẹ̀yin tí ẹ gbà mí nímọ̀ràn nígbà tí mo kígbe pé Bíńgò, ajá kékeré mi, ń ké bí mo bá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, ẹ ṣeun gan-an. Dókítà ẹranko ní tìmùtìmù kan tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ló yọ kúrò ní àyè rẹ̀, tó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára (nerve). Dachshund ni, irú ajá tí ara rẹ̀ gùn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, àìsàn yìí wọ́pọ̀ lára irú wọn.

A ò ṣe iṣẹ́ abẹ. Oògùn ìrora àti ìsinmi inú kéèjì fún ọ̀sẹ̀ 6 ni. Ìsinmi yẹn ló le jù! Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ara ti fúyẹ́, ó ń sunkún kí n ṣílẹ̀kùn. Ó dùn mí dọ́kàn, àmọ́ mi ò ṣí i, torí pé oògùn pa ìrora kò túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn ti san. Bí mo bá fẹ́ gbé e, ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ìkejì lábẹ́ ìdí.

Láàárọ̀ òní, ó dìde fúnra rẹ̀, ó rìn wá bá mi, ó ń ju ìrù. Omi bọ́ lójú mi. Ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn ṣì ń wọ́ díẹ̀. Kò ní fo gun àga mọ́, mo sì ti pààrọ̀ okùn ọrùn rẹ̀ sí èyí tó ń gba àyà. Mo kádìí ọ̀rọ̀ náà síbí.