Wọ́n rí ejò mámbà lẹ́yìn ilé wa ní Durban, ṣé ká kó jáde ni?

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn, mi ò rí oorun sùn mọ́. Iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Durban ní South Africa, àdúgbò Westville la háyà ilé sí, igbó ló wà lẹ́yìn ilé wa tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì kan. Láàárọ̀ àná ni gádínà ilé kejì bá figbe ta, "imamba! imamba!", gbogbo wa sá jáde, ejò kan ló nà gbọọrọ sórí ògiri, ó gùn ju ọkọ mi lọ dáadáa, àwọ̀ eérú ni, kò tiẹ̀ dúdú bí orúkọ ẹ̀, black mamba, ká tó ṣẹ́jú ó ti wọ abẹ́ òrùlé wọn. Àtìgbà yẹn ni kálukú ti ń sọ tiẹ̀. Wọ́n ní tó bá ń léni mọ́tò gan-an ò lè sá fún un, wọ́n ní téèyàn bá pa ọ̀kan ìkejì á wá gbẹ̀san, wọ́n ní ẹni tó bá bù ṣán ò ní rìn dé gééètì tó fi máa kú. Ọkọ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé ká kó jáde ni?

Ìyá Ìbejì:
Àbúrò mi, fara balẹ̀. Kì í ṣe ìwọ ló ń wá, eku ló ń wá, àti dassie, ẹran kékeré kan tó máa ń gbé inú àpáta, ó pọ̀ ní àwọn àfonífojì yẹn. Irọ́ gbuu ni pé ó ń lé mọ́tò. Ó yára lóòótọ́, àmọ́ kò lè ju nǹkan bíi kìlómítà 20 ní wákàtí kan lọ, ìyẹn náà fún ìgbà díẹ̀ ni, ihò ẹ̀ ló sì máa ń sá lọ, tó o bá wá dúró sọ́nà ihò o máa rò pé ìwọ ló ń lé. Ti ẹ̀san yẹn, tó bá ti tó bíi oṣù karùn-ún sí oṣù keje akọ méjì máa ń lọ́ mọ́ra wọn jà nítorí abo, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń rí méjì pọ̀. Tó bá gbé orí sókè tó ya ẹnu (inú ẹnu yẹn ló dúdú bí ìdí ìkòkò), ó ń kìlọ̀ fún ẹ ni, rọra máa fà sẹ́yìn. Pe àwọn tó ń mú ejò, wọ́n wà ní Durban, ta ni ò mọ Nick Evans níbí nídìí ọ̀rọ̀ mámbà.

Bàbá Ọdẹ:
Ejò lásánlàsàn. Nílé wa gbẹ́rẹ́ la máa ń sín. Tó bá sì ti ṣánni, ká fokùn di ẹsẹ̀ yẹn pinpin, ká fi abẹ gé ojú ibẹ̀ kí oró jáde, ewé á ṣe ìyókù.

Nọ́ọ̀sì tó wà ní Joburg:
Bàbá, ẹ má bínú o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fokùn dì í. Ti mámbà ò dà bíi ti paramọ́lẹ̀ tí ẹsẹ̀ á wú fọ̀ọ̀. Ibi tó ti ṣánni lè má wú rárá, ìyẹn ló ń tan èèyàn jẹ. Ètè á kọ́kọ́ máa ta, ìpéǹpéjú á máa já wálẹ̀, itọ́ á kún ẹnu kò ní lè gbé e mì, tó bá yá èémí á dáwọ́ dúró. Ẹni tí wọn ò bá tọ́jú, ikú ló sábà máa ń já sí, ibi tí òkìkí ejò yẹn ti jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Ẹ fi báńdéèjì tó fẹ̀ wé gbogbo ẹsẹ̀ tàbí apá yẹn, ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ pe 112 lórí fóònù tàbí 10177, tí kò bá mí mọ́ ẹ máa fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu títí wọ́n á fi dé. Ní ọsibítù ẹ̀rọ á bá a mí, wọ́n á fún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, Johannesburg níbí ni wọ́n ti ń ṣe é, ó lè tó ìgò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì lọ ra á sílé o, abẹ́rẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ lè ṣe ara ẹlòmíì ní jàǹbá.

Bàbá Ọdẹ:
Mo gbọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ewé wa kì í ṣeré o.

Àgùnbánirọ̀ Gómbè:
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bẹ̀rù mámbà, ẹ lọ béèrè ní Kaltungo, ní Ìpínlẹ̀ Gómbè níbí. Ọsibítù wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ejò gan-an ni iṣẹ́ wọn. Ejò tó ń dá wọn lóró kò gùn rárá, inú oko ló ń ká àgbẹ̀ mọ́, kí wọ́n tó rí ọ̀kadà, kí wọ́n tó rówó abẹ́rẹ́, kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ oníṣègùn, ẹ̀jẹ̀ ò ní dá mọ́. Àǹtí, ẹ̀yin ní ọsibítù nítòsí. Ilé tó jìnnà sí ọsibítù ni kéèyàn kó kúrò níbẹ̀.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni. Wọ́n ti wá mú un nírọ̀lẹ́ yìí, inú sílìn ló wà, ọ̀pá gígùn tẹ́nu ẹ̀ ń há ni wọ́n fi dì í mú tí wọ́n fi jù ú sínú ike ńlá kan tó ní ìdérí. Ọkọ mi tó ń rẹ́rìn-ín, inú mọ́tò ló wà títí wọ́n fi ṣe tán, ó tún ká gíláàsì sókè. A máa gé ẹ̀ka igi tó kan òrùlé wa, ká tún dí ihò tí eku ń gbà wọlé. A ò kó lọ mọ́.

Ìyá Ìbejì:
Èló ni wọ́n gbà?

Ẹni tó béèrè:
Ẹni tó wá mú un ò bẹ̀ wá lówó o, owó epo la fún un. Ìyàwó ilé kejì ní òun fẹ́ bu oúnjẹ fún un, àmọ́ ẹni náà ní kí wọ́n jẹ́ kóun gbé ejò yìí dénú mọ́tò ná.