Mọ́tò tó ń han tẹ́ẹ bá ń wà á, ibo ni ariwo yẹn ti ń wá?

Ará Manchester: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, mọ́tò mi ti ń dún kíìn kíìn látọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó jọ pé ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ló ti ń wá. Tó bá ti ń sáré díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀, tí mo bá fẹsẹ̀ kan bíréèkì á dákẹ́, kí n gbẹ́sẹ̀ kúrò báyìí á tún bẹ̀rẹ̀. Gáréèjì tí mo gbé e lọ ní kí n mú £420 wá, wọ́n ò sì sọ nǹkan tó ṣe é gan-an. Àwọn ọmọ ni mo ń fi gbé, ẹ̀rù ń bà mí.

Ará Sheffield: Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má tíì sanwó kankan. Tó bá ń ké tẹ́ẹ bá ń lọ tó sì ń dákẹ́ tẹ́ẹ bá tẹ bíréèkì, pádì bíréèkì ni mo fura sí, ìyẹn nǹkan tó ń fún díìsì (àwo irin tó ń yí pẹ̀lú wíìlì) kí mọ́tò lè dúró. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára pádì, wọ́n dìídì fi síbẹ̀ ni, tí pádì bá ti jẹ débi pé ó ku nǹkan bíi 2 sí 3 mm, irin yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha díìsì, òun lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Tuntun máa ń tó 10 mm tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má yí rédíò sókè bò ó mọ́lẹ̀ o, torí tó bá fi kúrò ní kíìn kíìn tó di gàràgàrà, bí ìgbà téèyàn ń fi irin lọ irin, pádì ti tán nìyẹn, díìsì ló kàn. Níbi MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò tí ìjọba UK ní kí wọ́n máa ṣe, tí pádì bá ti kéré sí 1.5 mm, dangerous (eléwu) ni wọ́n máa kọ síbẹ̀.

(Ti àárọ̀ lẹ́yìn òjò yàtọ̀. Díìsì máa ń dípẹtà mọ́jú, tẹ́ẹ bá tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀mẹta mẹ́rin ariwo á lọ.)

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tójú mi rí. Lẹ́yìn òtútù èṣí, tèmi náà ń ké. Mo yọjú wò ó láti ìta, láàárín ihò wíìlì, mo rí i pé pádì nípọn dáadáa, mo bá fi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀ tí mo tú táyà, àṣé ti inú ti jẹ tán, ó tín-ín-rín bíi páálí, ti ìta sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ rárá. Pín méjì, ọ̀pá irin kékeré, wà tí kálípà (nǹkan tó ń ti pádì mọ́ díìsì) ń rìn lórí ẹ̀, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì níbí nígbà òtútù ló jẹ́ kí wọ́n dípẹtà, kálípà ò rìn mọ́, apá inú nìkan ló ń fún díìsì pa. Mo fa àwọn pín náà yọ, mo fi bírọ́ọ̀ṣì onírin ha wọ́n mọ́, mo fi gíríìsì bíréèkì pa wọ́n, kì í ṣe gíríìsì lásán o, ìyẹn máa ń jẹ́ kí rọ́bà wú, mo wá pààrọ̀ pádì ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì torí wọn kì í pààrọ̀ ẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan. Gbogbo ẹ̀ ò tó £60.

Nítorí náà ẹ yí sítíárìn dé òpin, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, pádì ti inú ni kẹ́ẹ wò. Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọ́n WD-40 tàbí òróró sí bíréèkì, ariwo lè lọ lóòótọ́ àmọ́ mọ́tò ò ní dúró lọ́jọ́ tẹ́ẹ bá fẹ́ kó dúró.

Ará Houston: Tèmi ò jọ ti bíréèkì. Tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná láàárọ̀ ló ń han bí ẹlẹ́dẹ̀, tí mo bá tan AC á tún le sí i, kódà kí mọ́tò dúró sójú kan.

Ará Sheffield: Fáànù bẹ́líìtì nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́, ẹ ká apá aṣọ yín sókè, ẹ fọ́n omi díẹ̀ sí apá bẹ́líìtì tó ní ìlà-ìlà. Tó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀ tó tún padà, ó ṣeé ṣe kí púlì kan, wíìlì kékeré tí bẹ́líìtì ń gba orí ẹ̀, má dúró déédéé. Tí ariwo bá wá pọ̀ sí i, ń ṣe ni bẹ́líìtì ń yọ̀, ó ti dẹ̀, ẹ wo tensioner, nǹkan tó ń fa bẹ́líìtì le. Ẹ má sọ pé ṣebí kò là o, bẹ́líìtì òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ là, ń ṣe ló ń jẹ bíi táyà. Òun ló ń fa alternator tó ń fún bátìrì níná, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òun náà ló ń fa pọ́ǹpù omi, tó bá já lójú ọ̀nà márosẹ̀ ẹ́ńjìnì lè gbóná bàjẹ́.

Ará Peckham: Tó bá wá jẹ́ pé orí bọ́ǹpù nìkan ló ti ń dún ńkọ́? Kẹ́ẹ́ kẹ́ẹ́ bíi bẹ́ẹ̀dì onírin.

Ará Sheffield: Bọ́ọ̀ṣì (rọ́bà oríkèé abẹ́ mọ́tò) tàbí ball joint (oríkèé irin ẹsẹ̀ mọ́tò) ni. Ẹ gbé e síbi tó pa rọ́rọ́, ẹ tẹ igun mọ́tò mọ́lẹ̀ léraléra, kẹ́nìkan bẹ̀rẹ̀ fetí sí i. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yọ ìjókòó ọmọ kúrò lẹ́yìn kẹ́ẹ tún un wà, ó máa ń ha awọ séètì, ìyẹn náà sì máa ń dún.

Ará Manchester: Mo ti wò ó. Ti ìta ṣì nípọn. Ti inú, irin ẹ̀yìn ẹ̀ nìkan ni mo rí. Mo ti gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, bọ́ọ̀sì làwọn ọmọ máa wọ̀ lọ́la.

Ará Sheffield: Ẹ ṣeun tẹ́ẹ gbé e sílẹ̀. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà mọ́tò, ẹ pe nọ́ńbà mọ́tò yín fún wọn kí wọ́n lè fún yín ní pádì iwájú tó bá a mu, ẹ gba gíríìsì bíréèkì pẹ̀lú. Mò ń bọ̀ ní Sátidé ní aago mẹ́wàá, màá gbé jáàkì àti axle stand (irin tó ń gbé mọ́tò dúró tí wọ́n bá ti fi jáàkì gbé e sókè) dání. Àyè tó tẹ́jú ni kẹ́ẹ bá mi wá.