Ṣé kábéèjì roboto ti ọjà Kútọ̀ lè ṣe kimchi?

Ọmọ Lísàbí
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ará Kòríà kan wà níbi iṣẹ́ wa, a sì fẹ́ bá a jẹ oúnjẹ ìlú rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Èmi ni kimchi, ìyẹn kábéèjì aláta tí wọ́n ń jẹ́ kó kan, já lé léjìká. Kábéèjì roboto nìkan ni mo rí ní Kútọ̀. Ata wo ni kí n lò? Ìgbà wo ni kí n ṣe é kó tó kan dáadáa?

Ìyá Ìdáná Ìbarà
Ó máa dára. Àwọn ará Kòríà náà ń fi kábéèjì roboto ṣe é. Ra kílò 2, gé e wẹ́wẹ́ níwọ̀n ìka méjì, kó o fi iyọ̀ gíráàmù 120 pa á. Máa yí i lọ́gbọ̀n-lọ́gbọ̀n ìṣẹ́jú fún wákàtí 2. Mú ewé kan, kó o ká a: tó bá ká láì dá, iyọ̀ ti wọ̀ ọ́, tó bá dá pàù, ó kù. Ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, kó o dà á sínú ajọ̀ kó ro dáadáa. Bí omi bá kù lára rẹ̀, ata ò ní lẹ̀ mọ́ ọn.

Gochugaru, ìyẹn ata gbígbẹ tiwọn, pọ́n, àmọ́ kì í ta bí ata gbígbẹ wa. Yọ hóró tàtàṣé gbígbẹ, gún un ṣákaṣàka, ìdajì ife. Ata gbígbẹ, ṣíbí tíì kan péré. Se ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣíbí ọbẹ̀ 2 nínú omi ife kan títí á fi ki, jẹ́ kó tutù, kó o fi ata, aáyù hóró 10, atalẹ̀ díẹ̀, edé lílọ̀ ṣíbí 3 àti àlùbọ́sà eléwé sí i. Pò ó mọ́ kábéèjì náà, kó o kó o sínú ìgò. Ìrẹsì funfun o, kì í ṣe ọ̀fadà. Òórùn rẹ̀ á gba iwájú. Kó o sì béèrè bóyá edé bá gbogbo yín lára mu.

Akin Òkè-Ìlewó
Ooru ìlú wa ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Níbi tó tutù tó 20°C, ó lè gba ọjọ́ 1 sí 2. Nínú ooru 30°C, wákàtí 12 sí 18 ti tó. Ẹ ṣe é lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Tí ẹ bá rí i tó ń hó, tí òórùn rẹ̀ ti ń kan, ẹ gbé e sí fíríìjì. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí omi á fi bò ó, ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè ìgò, torí afẹ́fẹ́ á tì í sókè. Iyọ̀ tó kéré jù tàbí ooru tó pẹ́ jù ló ń sọ ọ́ di jẹ̀lẹ́jẹ̀lẹ́. Tó bá hu irun lójú, ẹ dà á nù pátá. Tó bá kan jù, kò bàjẹ́: ẹ fi dín ìrẹsì.

Adé Sápọ́n
Nídìí oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí àgbà kọ́kọ́ mú ṣíbí. Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ìrẹsì àti ọbẹ̀, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ wà fún kimchi àtàwọn yòókù. Ẹ má gún igi náà sí òòró nínú ìrẹsì: bí wọ́n ṣe ń gún tùràrí fún òkú nìyẹn. Ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi gba ohun tí àgbà bá nawọ́ rẹ̀ sí yín.

Ọmọ Lísàbí
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kúlà oníke lè rọ́pò ìgò?

Akin Òkè-Ìlewó
Ìgò ló dára jù. Ike máa ń fa òórùn aáyù mọ́ra, kì í sì í lọ mọ́. Tí iná bá lọ, ìgbà náà lẹ lè gbé ìgò náà sínú kúlà, kẹ́ ẹ fi yìnyín yí i ká.